Bí ọdẹ àdúgbò bá mú olè, ibo ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ pin sí?

Akọ̀wé_Àdúgbò (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé wa ń kọ ìlànà iṣẹ́ fún àwọn ọdẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà fún ìṣọ́ òru. Kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fẹ́ kí àwọn tó mọ òfin bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹnu kò sí nìyí:

1. Láti aago mẹ́wàá alẹ́, ẹni tí ọdẹ kò bá mọ̀ gbọ́dọ̀ dúró kí wọ́n tú àpò rẹ̀ àti fóònù rẹ̀ wò.
2. Olè tí ọwọ́ bá tẹ̀, kí wọ́n dè é mọ́ òpó iná títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí gbogbo àdúgbò lè rí i.
3. Bí ó bá fẹ́ sá, kí ọdẹ yìnbọn sí i lẹ́sẹ̀.
4. Bí ó bá dá ohun tó jí padà, tó sì san ₦50,000 owó ìtanràn, kí wọ́n fi í sílẹ̀, kó má di ti ọlọ́pàá.
5. Kí wọ́n ya fídíò rẹ̀ sórí WhatsApp àdúgbò.

Èwo nínú rẹ̀ ló lè kó wa sí wàhálà?

Agbẹjọ́rò_Mọ́kọ́lá

Máràrùn-ún ni, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí òfin fún yín, torí ó fún yín ní nǹkan.

Òfin ètò ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní ACJA, sọ ní abala 20 pé ẹni tí kì í ṣe ọlọ́pàá lè mú ẹni tó bá ṣẹ̀ sófin níṣojú rẹ̀. Ó tún lè mú ẹni tó ní ìdí gúnmọ́ láti fura sí pé ó ti ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ tí ọlọ́pàá lè torí rẹ̀ mú èèyàn láìgba ìwé àṣẹ. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní irú òfin yìí ti ara rẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà abala lè yí padà bí ẹ bá dé Ọ̀yọ́ tàbí Èkó, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ kò yí.

Abala 23 ló wá gbé ẹrù lé yín lórí. Ẹni tó bá mú afurasí gbọ́dọ̀ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ọlọ́pàá kò bá sí nítòsí, kó mú un lọ sí tẹ́ṣàn tó súnmọ́ jù. “Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀” ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò kọ “bí ilẹ̀ bá mọ́.” Ìmú àti ìfàlélọ́wọ́ ni gbogbo agbára tí ẹ ní. Ìyà jíjẹ kò sí nínú rẹ̀, owó ìtanràn kò sí níbẹ̀, àtìmọ́lé kò sí níbẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti lè fà á lé wọn lọ́wọ́ tí ẹ kò fà á ni ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀. Abala 365 nínú Criminal Code, òfin tó ka ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn àti ìjìyà wọn: ẹni tó bá há ẹlòmíràn mọ́ láìbófin mu, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì.

Ó di ọ̀rọ̀ okùn. Abala 5 ACJA sọ pé a kò gbọ́dọ̀ de afurasí tàbí kó ṣẹkẹṣẹkẹ́ sí i lọ́wọ́ àyàfi bí a bá ní ìdí láti bẹ̀rù pé yóò jà tàbí pé yóò sá, tàbí bí ó bá jẹ́ fún ààbò òun fúnra rẹ̀, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà okùn kì í ṣe èèwọ̀. Èyí tó jẹ́ èèwọ̀ ni okùn tí ẹ so nítorí kí ará àdúgbò lè wá wòran. Ẹ wo gbólóhùn yín kejì: “kí gbogbo àdúgbò lè rí i.” Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyà ni ẹ fẹ́ fi jẹ ẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, ìwé yẹn ni lọ́yà rẹ̀ máa kọ́kọ́ gbé jáde.

Ọmọ_Akin

Gírámà yín ti pọ̀ jù, ẹ̀yin lọ́yà. Ìwé òfin ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀, abala 33, sọ pé bí èèyàn bá kú níbi tí wọ́n ti ń mú un, kò sí ẹjọ́. Olè ń sá lọ, kí a máa kí i pé ó dàbọ̀?

Agbẹjọ́rò_Mọ́kọ́lá

Ẹ ka gbólóhùn náà dópin. Abala 33(2) sọ pé ikú náà kò ní jẹ́ ìrúfin bí ó bá wáyé nípasẹ̀ agbára tí kò ju bó ṣe yẹ lọ, dé ìwọ̀n tí òfin fàyè gbà àti nínú irú ipò tí òfin fàyè gbà. Nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ lọ wá òfin tó fàyè gbà á. Ẹ dé inú Criminal Code, abala 271: ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ tí ìjọba fún ní agbára bíi tirẹ̀ ni wọ́n dárúkọ síbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún méje sókè ni wọ́n sọ, wọ́n sì fi kún un pé kò gbọ́dọ̀ sí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà mú un. Ọdẹ àdúgbò kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń lé ẹni tó ń sá lè dì í mú, ó lè gbá a mọ́lẹ̀, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ lo agbára tó lè pani tàbí tó lè ṣe ni léṣe gidi.

Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ìgbèjà ara ẹni, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Bí olè bá yọ àdá sí ọdẹ, abala 286 wà fún un: ó lè lo agbára tó bá tó láti gba ara rẹ̀, kódà bí agbára náà bá lè yọrí sí ikú, bí ẹ̀rù ikú tàbí ti ọgbẹ́ ńlá bá bà á pẹ̀lú ìdí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àdá bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì kẹ́yìn sí yín, ìgbèjà ti parí. Ìbọn tó bá dún lẹ́yìn ìyẹn ti di ẹjọ́ ìpànìyàn, abala 319, ikú. Bí ilé ẹjọ́ bá ṣàánú, tí wọ́n ní kò mọ̀ọ́mọ̀ pa á, abala 325, ẹ̀wọ̀n gbére.

Nọ́ọ̀sì_Kẹ́mi

Ẹ jẹ́ kí n dá sí “ìbọn lẹ́sẹ̀” yẹn, torí ó jọ pé àwọn èèyàn rò pé ẹsẹ̀ kì í pani. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan gba inú itan kọjá. Bí ọta bá gé e, èèyàn lè ṣẹ̀jẹ̀ dójú ikú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó rí mọ́tò. Ìbọn ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ ń gbé tún burú jù, torí ọ̀pọ̀ ọta kéékèèké ló ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ lo yìnbọn sí, ikùn ló bá, tàbí ọmọ tó dúró sẹ́yìn.

Bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ tẹ aṣọ mọ́ ojú ọgbẹ́ náà gidigidi, ẹ máa gbé e lọ sí ọsibítù. Òfin ọdún 2017 lórí ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bà ti pàṣẹ fún ilé ìwòsàn pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, ìwé ọlọ́pàá wà o, ìwé ọlọ́pàá kò sí o.

Ọmọ_Akin

Ẹ dáhùn èyí: olè tí a fà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lónìí, lọ́tùnla a ó tún rí i lójú títì. Kí ni àǹfààní rẹ̀?

Ọ̀gá_Kọ̀ǹtá (ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì)

Ìbéèrè gidi nìyẹn, àbúrò, kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ tì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó máa ń fà á.

Èkíní, bélì jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa, abala 35, fún ọlọ́pàá ní ọjọ́ kan láti gbé e dé kóòtù bí kóòtù bá wà láàárín ogójì kìlómítà, ọjọ́ méjì bí ó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, àyàfi bí kóòtù bá rí ìdí láti fi kún un. Ẹni tó jáde lórí bélì kò tíì bọ́. Ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Èkejì, èyí tó ń pa ẹjọ́ jù lọ: èrò á fà á dé tẹ́ṣàn pẹ̀lú ariwo, wọ́n á jù ú sí kọ̀ǹtá, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ta ló rí i? Kò sí. Ta ló ni ẹrù? “A máa padà wá.” Wọn kì í padà wá. Abala 23 ACJA ní kí ọlọ́pàá kọ orúkọ, àdírẹ́sì, ọjọ́, aago àti bí ìmú náà ṣe lọ, kó sì gba ọ̀rọ̀ ẹ̀rí sílẹ̀ lẹ́nu ẹni tó mú un. Bí kò bá sí ẹni tó máa sọ̀rọ̀, kí ni ọlọ́pàá fẹ́ kà sílẹ̀ ní kóòtù? Abala kan náà ní kó fi afurasí náà sílẹ̀ bí kò bá rí ìdí tó tó láti gbà pé ó ṣẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ ti lù ú. Ọ̀gá kọ̀ǹtá kì í fẹ́ gba ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń bò, torí bí ó bá kú sí sẹ́ẹ̀lì, òun ni wọ́n máa bi. Ọsibítù ló máa kọ́kọ́ darí yín sí. Ibẹ̀ ni afurasí ti máa di olùfisùn: yóò dárúkọ ẹni tó fi pákó gbá a lórí, ìwé dókítà yóò sì gbè é lẹ́sẹ̀. Ọgbẹ́ lásán jẹ́ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ní abala 338 Criminal Code, ọgbẹ́ ńlá jẹ́ méje ní abala 335. Mélòó ni ẹni tó jí jẹnẹrétọ̀ fẹ́ gbà? Ẹ ṣírò rẹ̀.

Agbẹjọ́rò_Mọ́kọ́lá

Ẹ fi èyí kún un: “ó ti jẹ́wọ́ fún wa” kò wúlò bí ẹgba ló mú un jẹ́wọ́. Òfin ẹ̀rí ọdún 2011, abala 29, sọ pé kóòtù kò gbọ́dọ̀ gba ìjẹ́wọ́ tí ìfìyàjẹni mú jáde wọlé bí ẹ̀rí, bó tiẹ̀ jẹ́ òtítọ́ pọ́ńbélé.

Alájàpá_Bódìjà

Nínú ọjà ńkọ́? Ohun tí mo ń rí ni pé wọ́n á bọ́ obìnrin tó jí aṣọ sí ìhòhò, wọ́n á fi ata kùn ún lára, wọ́n á máa yà á. Tàbí kí ẹnìkan jẹ gbèsè ọjà, kí wọ́n tì í mọ́ ṣọ́ọ̀bù títí ẹbí rẹ̀ á fi kówó dé.

Agbẹjọ́rò_Mọ́kọ́lá

Ìyá wa, ọ̀ràn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, kò sì sí èyí tó dáa níbẹ̀.

Gbèsè kì í ṣe ọ̀daràn. Abala 8 ACJA sọ gbangba pé a kò gbọ́dọ̀ mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀. Bí ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ kò bá lè mú un, aláṣọ kò lè tì í mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Kóòtù májísíréètì tàbí ti ìbílẹ̀ ni kẹ́ ẹ gba. Abala 7 tún wà níbẹ̀: a kì í mú ìyá, ìyàwó tàbí àbúrò ẹni tó sá dípò rẹ̀. Mo rí i pé àwọn ẹgbẹ́ ọjà fẹ́ràn èyí gan-an.

Ní ti ìhòhò, ẹni tó bá fi ìwà àìtọ́ kan ara obìnrin, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni abala 360 Criminal Code kọ fún un. Ata lójú tàbí lójú ara jẹ́ ìpalára, kò sì sí àyè kankan nínú òfin tí ẹ lè fi gbà á. Bí ẹ bá fura pé ó fi aṣọ pamọ́ sára, ẹ pa á mọ́ sójú kan, kí ọlọ́pàábìnrin tú u wò. Abala 9 fún ọlọ́pàá tí ẹ fà á lé lọ́wọ́ ní àṣẹ láti tú ara rẹ̀, obìnrin ló sì yẹ kó tú obìnrin wò. Ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni kí ẹ gbà, ìyẹn fún ẹ̀mí yín.

Àwọn tó ń kà láti Èkó, ẹ rántí pé Criminal Law tiwọn ni wọ́n ń lò. Nọ́ńbà Criminal Code tí mo ń kọ níbí, ti Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti àwọn yòókù tó ń lo Criminal Code ni.

Akọ̀wé_Àdúgbò

Ẹ ṣeun gan-an. Ìkíní, ìkẹrin àti ìkarùn-ún ńkọ́?

Agbẹjọ́rò_Mọ́kọ́lá

Ìkíní: ọdẹ lè kí èèyàn, ó lè bi í pé ilé ta ló ń lọ. Bí ẹni náà kò bá dáhùn, àìdáhùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Láti ọdún 1989 ni òfin ti ní kí wọ́n yé mú èèyàn fún ẹ̀sùn rírìn kiri tí wọ́n ń pè ní “wandering,” ọlọ́pàá pàápàá kò ní ẹ̀tọ́ sí i mọ́. Fóònù ni kí ẹ má tilẹ̀ fọwọ́ kàn rárá.

Ìkẹrin: olóhun gba ohun rẹ̀ padà, kò burú. Ṣùgbọ́n láti gbowó kí ẹ lè bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀, abala 127 Criminal Code dúró dè yín: ọdún mẹ́ta, tàbí méje bí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ bò bá jẹ́ irú èyí tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú tàbí ẹ̀wọ̀n gbére. Ẹgbẹ́ tó bá sì kọ ₦50,000 sínú ìwé ìlànà ti kọ ẹ̀rí sílẹ̀ fún agbẹjọ́rò ìjọba.

Ìkarùn-ún: ẹ ya fídíò, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ọlọ́pàá. Abala 36(5) ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé aláìṣẹ̀ ni títí kóòtù yóò fi dá a lẹ́bi. Bí kóòtù bá dá a sílẹ̀, fídíò tí ẹ kọ “OLÈ” sí lórí yóò di ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́, orúkọ ẹni tó fi í síta ni wọ́n máa wá.

Ọ̀gá_Kọ̀ǹtá

Fídíò tún máa ń yí padà bá ẹni tó yà á. Ẹ rántí Aluu, nítòsí Port Harcourt, ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2012. Ọmọ yunifásítì mẹ́rin ni wọ́n pè ní olè, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Fídíò rẹ̀ tàn ká gbogbo ayé. Ní oṣù keje ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga Rivers dájọ́ ikú fún èèyàn mẹ́ta, ọlọ́pàá kan sì wà nínú wọn. Ẹni tó bá ń sọ pé èrò kì í jẹ̀bi, kó lọ wo ìyẹn.

Agbẹjọ́rò_Mọ́kọ́lá

Abala 7 àti 8 nínú Criminal Code ni. Ẹni tó gbé táyà wá, ẹni tó ra epo, ẹni tó di ẹsẹ̀ mú, ẹni tó ń pariwo “ẹ sun ún,” gbogbo wọn ni òfin lè kà pọ̀ mọ́ ẹni tó ṣáná sí i.

Alájàpá_Bódìjà

Ti Uromi náà ńkọ́, lọ́dún 2025? Wọ́n ní ìbọn ni wọ́n bá nínú mọ́tò wọn.

Ọ̀gá_Kọ̀ǹtá

Ìparí oṣù kẹta ọdún 2025, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Àwọn arìnrìn-àjò tó ń lọ sí Kano fún ọdún ni. Wọ́n dá mọ́tò dúró, wọ́n rí ìbọn ìbílẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ní ajínigbé ni wọ́n. Ọdẹ ni wọ́n. Ó kéré tán èèyàn mẹ́rìndínlógún ló kú. Ẹ wò ó dáadáa: fífura nígbà tí wọ́n rí ìbọn kò burú, mo lè fura bẹ́ẹ̀ náà. Ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni pé kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, kí wọ́n jókòó tì wọ́n, kí wọ́n pe ọlọ́pàá. Ìfura gbé yín dé ibi ìmú, kò gbé yín kọjá ibẹ̀.

Ará_Peckham

Kí ará ilé má rò pé ó rọrùn níbí o. Ní England, abala 24A òfin PACE ọdún 1984 ni ará ìlú ń lò. Ẹ̀ṣẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ilé ẹjọ́ gíga lè gbọ́. Kò gbọ́dọ̀ sí ọ̀nà tó rọrùn fún ọlọ́pàá láti mú un dípò yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní ọ̀kan nínú ìdí mẹ́rin: kó má ṣe ẹlòmíràn léṣe, kí òun fúnra rẹ̀ má fara pa, kó má ba ohun ìní jẹ́ tàbí sọ ọ́ nù, tàbí kó má sá kí ọlọ́pàá tó dé. Agbára tí ẹ bá lò gbọ́dọ̀ bá ọ̀ràn mu.

Ibi tí wọ́n ti ń mú àwọn gáàdì ni pé, bí ẹ bá mú un lẹ́yìn tí ọ̀ràn ti parí, ẹ̀ṣẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, ìfura nìkan kò tó. Nínú ẹjọ́ R v Self, 1992, ṣokoléètì kan ṣoṣo ni wọ́n torí rẹ̀ lé ọkùnrin kan jáde nílé ìtajà. Ó bá àwọn tó ń mú un jà. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ pé kò jalè, ẹ̀sùn pé ó lu ẹni tó fẹ́ mú un náà wó, torí ìmú náà kò bófin mu láti ìbẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà yàtọ̀ síbẹ̀: ìfura tó ní ìdí gúnmọ́ tó fún yín.

Ará_Atlanta

Ní Georgia níbí, wọ́n ti fagi lé e. Òfin tó jẹ́ kí ará ìlú máa mú èèyàn ti wà láti ọdún 1863. Lẹ́yìn tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta fi mọ́tò lé Ahmaud Arbery ní oṣù kejì ọdún 2020, tí wọ́n sì yìnbọn pa á, tí wọ́n ní àwọn rò pé olè ni, ìjọba fagi lé òfin náà ní oṣù karùn-ún ọdún 2021. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ẹ̀wọ̀n gbére. Àwọn onílé ìtajà, ilé oúnjẹ àti gáàdì tó ní ìwé àṣẹ ṣì lè dá èèyàn dúró, ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá kò bá dé láàárín wákàtí kan, wọ́n gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀.

Ọmọ_Akin

Ó dáa, mo gbọ́. Kí ọdẹ wá ṣe báwo? Kó máa bẹ olè?

Nọ́ọ̀sì_Kẹ́mi

Kò ní bẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń di èèyàn mú tí kò ní kú mọ́ yín lọ́wọ́, torí ọ̀pọ̀ ikú tó ń ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ti ẹgba nìkan.

Dídojú rẹ̀ délẹ̀ ló léwu jù. Bí èèyàn bá dojú délẹ̀, tí wọ́n de ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, tí ẹnìkan wá fi orúnkún tẹ ẹ̀yìn tàbí ọrùn rẹ̀, àyà rẹ̀ kò ní lè fẹ̀ láti fa èémí. Ó ti sáré, ẹ̀rù ń bà á, ó nílò atẹ́gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Yóò máa jàgùdù, ẹ ó rò pé ó ń bá yín jà, ẹ ó tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Èémí ló ń wá. Ohun tó pa George Floyd ní ọdún 2020 nìyẹn, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. “Ó ń sọ̀rọ̀, nítorí náà ó ń mí” kì í ṣe ẹ̀rí o: ẹni tó lè sọ pé òun ò lè mí lè kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan.

Bí ẹ bá gbá a mọ́lẹ̀, ẹ di apá àti ẹsẹ̀ mú, ẹ má jókòó lé e. Bí ó bá ti dákẹ́ jẹ́ẹ́, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn náà ẹ gbé e jókòó sílẹ̀, ẹ̀yìn mọ́ ògiri, ẹsẹ̀ nínà síwájú. Ẹni tó jókòó báyìí kò lè dìde sáré lójijì, ẹ ó sì máa rí ojú rẹ̀. Èèyàn méjì tó láti dúró tì í. Àwọn yòókù ni kí wọ́n lé èrò sẹ́yìn, torí èrò ni ewu gidi níbẹ̀.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ dè é, iwájú ni kí ọwọ́ wà, kì í ṣe ẹ̀yìn. Aṣọ tó fẹ̀ dára ju okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí wáyà lọ. Ìka kan gbọ́dọ̀ lè wọ àárín okùn àti ara. Ẹ máa wo èékánná rẹ̀: bí ọwọ́ bá tutù, tó wú, tàbí tó ń ro ó, ẹ tú u kíákíá, torí okùn tó fún pa á fún wákàtí díẹ̀ lè ba ọwọ́ náà jẹ́ títí láé. Ẹ má de ọrùn. Ẹ má so ọwọ́ àti ẹsẹ̀ pọ̀ sẹ́yìn bí ewúrẹ́.

Èyí tí àwọn èèyàn kò mọ̀: ẹni tí wọ́n fi igi àti bẹ́líìtì lù ní itan àti ẹ̀yìn lè máa rìn, kó máa sọ̀rọ̀, kó sì kú lọ́jọ́ kẹta. Ẹran ara tó fọ́ máa ń tú oró sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á dí. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n bíi zobo tàbí dúdú bíi kóòkì, ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí wọ́n lù lórí tó ń bì, tó ń sùn lọ, tàbí tí ọmọlójú rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ.

Akọ̀wé_Àdúgbò

Bí a bá pe ọlọ́pàá ní aago méjì òru, tí wọ́n ní epo kò sí nínú mọ́tò ńkọ́?

Ọ̀gá_Kọ̀ǹtá

Ó máa ń ṣẹlẹ̀, n kò ní parọ́. Ìmúrasílẹ̀ ọ̀sán ni ẹ ó fi dáhùn rẹ̀. Kí alága àti akọ̀wé lọ rí DPO, ọ̀gá tẹ́ṣàn yín, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú orúkọ àti àwòrán àwọn ọdẹ dání, ẹ gba nọ́ńbà kọ̀ǹtá àti ti ẹni tó ń bójú tó pátírò. Ẹ wọ ìgbìmọ̀ PCRC tó wà láàárín ọlọ́pàá àti ará ìlú. Ẹ kọ 112 sára ògiri ilé ìṣọ́. Èkó ní 767 pẹ̀lú. Ẹ gba nọ́ńbà Amọ̀tẹ́kùn tó súnmọ́ yín.

Lálẹ́ náà, kí ọdẹ kọ aago tó mú un, aago tó kọ́kọ́ pè, ẹni tó gbé e àti èsì tó fún un. Bí ọ̀nà bá dára, ẹ wá mọ́tò gbé e lọ: ẹni méjì pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn, kó jókòó, ẹ má jù ú sínú búùtù. Bí ọ̀nà kò bá dára, ẹ fi í sí abẹ́ òrùlé níbi tí iná wà, ẹ máa pè lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọgbọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ sì máa kọ ọ́. Ìwé ìpè yẹn ni yóò fi hàn pé ẹ kò tì í mọ́lé, ọlọ́pàá ni ẹ ń dúró dè.

Kí ọdẹ sọ ìdí tó fi mú un fún un, ketekete, àyàfi bí ó bá bá a lórí iṣẹ́ gan-an tàbí tó lé e láti ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, ẹ wá òbí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má dè é.

Ẹrù tó jí ńkọ́? Ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́ kí ẹ tó gbé e, ẹ ya àwòrán rẹ̀ níbi tó wà, ẹ má jẹ́ kí olóhun gbé e lọ ilé. Ó lè bẹ ọlọ́pàá kí wọ́n fún un lórí ìwé àdéhùn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Gáàdì ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá wà nínú ẹ̀sítéètì yín kò gbọ́dọ̀ gbé ìbọn rárá. Ìbọn ọdẹ fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ìwé.

Akọ̀wé_Àdúgbò

Mo ti pa ìkẹta àti ìkẹrin rẹ́. Ìkejì ti di: “kí wọ́n mú un jókòó, kí wọ́n pe tẹ́ṣàn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má dè é àyàfi bí ó bá ń jà tàbí tó fẹ́ sá.” Ìkíní ti di: “kí ọdẹ kí i, kó bi í léèrè, kó sìn ín dé ẹnu ilé tó ń lọ bí ó bá gbà.” Fídíò, akọ̀wé nìkan ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ku fọ́ọ̀mù tí ọdẹ máa kọ. Kí ni kí ó wà níbẹ̀?

Agbẹjọ́rò_Mọ́kọ́lá

Ojú ìwé kan tó. Orúkọ, àdírẹ́sì àti fóònù ọdẹ tó mú un. Ọjọ́, aago, ibi tó ti mú un. Ohun tó fojú ara rẹ̀ rí, kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ fún un. Ohun tó sọ fún afurasí. Bóyá wọ́n dè é, kí nìdí, láti aago mélòó sí mélòó. Ọgbẹ́ tó wà lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n mú un àti nígbà tí wọ́n fà á kalẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, torí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i ní sẹ́ẹ̀lì kò gbọ́dọ̀ di tiyín. Ẹrù tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ ẹlẹ́rìí méjì. Níkẹyìn, orúkọ àti nọ́ńbà ọlọ́pàá tó gbà á, pẹ̀lú aago.

Ọ̀gá_Kọ̀ǹtá

Ẹ̀dà méjì. Ọ̀kan wà fún tẹ́ṣàn. Kí wọ́n fọwọ́ sí èkejì kí wọ́n sì lù ú lóǹtẹ̀, kí ọdẹ mú un padà wálé. Kí ó bèèrè orúkọ IPO, ọlọ́pàá tó máa bójú tó ẹjọ́ náà, kó tó kúrò ní kọ̀ǹtá. Kò sí owó kankan tí ẹ máa san fún ìwé tí wọ́n kọ síbẹ̀.